Pátákó Tí Kò Tètè Dé Ìdí Wẹ́dà: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Ọmọlabí Àbẹ̀bí Ògúnlàdé (1957 sí 2009)

Ìlú Ìfọ̀ ni a ti bí ìyá wa, olóògbé Ọmọlabí Àbẹ̀bí Ògúnlàdé, ní oṣù kẹta ọdún 1957, nínú agbo ilé kan tí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kọjú sí ojú irin rélùwéè. Pa Ọládayọ̀ Ògúnkànmí, òṣìṣẹ́ rélùwéè, ni bàbá wọn. Màmá Wúràọlá, ọmọ bíbí ìlú Ọbáfẹ́mi, ni ìyá wọn. Àwọn ọmọ tí Màmá Wúràọlá bí ṣáájú kò dúró. Ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n fi rí èyí tó dúró, ìdí nìyẹn tí oríkì Àbẹ̀bí fi mọ́ ìyá wa lára títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ìwé yìí. Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe ń kọ irú rẹ̀. Òkú kì í ní ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìwé ìsìnkú. Ẹni tó bá kó gbogbo wọn jọ tó kà wọ́n tán, yóò máa bèèrè pé ibo gan-an ni wọ́n ń sin àwọn èèyàn burúkú sí. Ìyá wa kì í ṣe èèyàn burúkú rárá, ṣùgbọ́n nígbà tí ara wọn kò yá, wọ́n sọ fún wa pé bí a bá fẹ́ kọ ìtàn àwọn, kí a má kùn ún lọ́dà. Bàbá wa fọwọ́ sí i. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn sì fọwọ́ sí i pẹ̀lú.

Iṣẹ́ Pa Ògúnkànmí ni kí wọ́n máa rin ojú irin láti Ìfọ̀ lọ sí ìhà Pápáláńtó. Wọ́n á mú òòlù dání, wọ́n á máa fi kan irin, wọ́n á sì dẹtí sí ìró rẹ̀. Nígbà tí ilé ìwé bá gba ọlidé, ọmọ wọn obìnrin á máa tẹ̀ lé wọn. Ó wá ya ọmọ náà lẹ́nu pé bàbá òun kì í kan irin ní gbogbo ibi tí wọ́n bá gbà kọjá. Wọ́n á rìn lọ jìnnà láìṣe nǹkan kan, kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó bi wọ́n léèrè, wọ́n sì dá a lóhùn pé, "Àbẹ̀bí, bí mo bá ń kan gbogbo rẹ̀, ilẹ̀ á ṣú bá mi lọ́nà, rélùwéè á sì kọjá lórí èyí tí mi ò tíì dé. Ibi tí irin ti pàdé irin ni kí o máa wò. Ibi tí nǹkan ti so pọ̀, ibẹ̀ náà ló ti ń tú." Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lẹ́nu ìyá wa mọ́. A gbọ́ ọ títí ó fi sú wa.

Ní ọdún 1963 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìfọ̀. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ṣe girama. Ní ọdún 1977 wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ gbogboniṣe kan ní Èkó, wọ́n sì lọ kọ́ sitátísíìkì. Àbúrò bàbá wọn kan bèèrè ohun tí wọ́n ń fi ìyẹn ṣe láyé. Ìyá wa ní bí wọ́n bá ro ọbẹ̀ dáadáa, ṣé ṣíbí kan kò tó láti fi mọ̀ bóyá iyọ̀ rẹ̀ tó? Ṣé ó dìgbà tí wọ́n bá jẹ gbogbo ìkòkò tán kí wọ́n tó mọ̀? Wọ́n ní àwọn ń kọ́ bí a ṣe ń mú díẹ̀ wò kí a lè mọ bí ọ̀pọ̀ ṣe rí. Bàbá náà pòṣé. Wọ́n ní àṣé ọbẹ̀ títọ́wò ni wọ́n ń kọ́ ní Èkó, owó ilé ìwé ti ṣòfò nìyẹn. Títí bàbá náà fi kú, Onítọ́wò ni wọ́n ń pe ìyá wa.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1983, wọ́n ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú bàbá wa, Ọ̀gbẹ́ni Adépọ̀jù Ògúnlàdé, olùkọ́, ọmọ Ìsẹ́yìn. Kí ẹ tó lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níkẹyìn, ó yẹ kí ẹ mọ ẹni tó dúró bíi bàbá ọkọ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa ni, Pa Akínọlá Ògúnlàdé, tí àwa ọmọ ń pè ní Bàbá Àgbà. Wẹ́dà ni wọ́n, iná ni wọ́n fi ń jó irin pọ̀ mọ́ irin. Bàbá tó bí àwọn méjèèjì ti kú nígbà tí bàbá wa kò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Inú iná wẹ́dà ni Bàbá Àgbà ti rí oúnjẹ fún un, inú rẹ̀ ni wọ́n ti rí owó ilé ìwé rẹ̀, inú rẹ̀ náà ni wọ́n ti rí owó orí ìyàwó. Ìyàwó ilé kò gbọdọ̀ pe ẹ̀gbọ́n ọkọ lórúkọ. Nígbà tí ìyá wa dé inú ilé, wọ́n wo àwọn géètì àti fèrèsé tí Bàbá Àgbà ti jó, wọ́n sì sọ bàbá náà ní Ọlọ́wọ́-ire. Orúkọ náà dùn mọ́ Bàbá Àgbà débi pé wọ́n ní kí wọ́n kọ ọ́ sára ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó irin.

Ìyá wa ṣiṣẹ́ àyẹ̀wò ọjà ní ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan ní Ìkẹjà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 2001, ilé tí àwọn àti bàbá wa ń kọ́ díẹ̀díẹ̀ sí Mowe wá ṣeé wọ̀, a sì kó kúrò ní Èkó. Ọdún yẹn náà ni ilé iṣẹ́ ọṣẹ dá àwọn òṣìṣẹ́ dúró. Bàbá Àgbà ti wà ní Ìbàfò ṣáájú wa, níbi tí wọ́n ti ń jó irin ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe sítóòfù oníkẹrosíìnì. Àwọn ni wọ́n wọlé tọ ọ̀gá ibẹ̀, Àlàájì Sàhéèdì, tí wọ́n ní ìyàwó àbúrò àwọn mọ iṣẹ́ àyẹ̀wò, tí ìyá wa fi rí iṣẹ́ ní ọdún 2002. Ẹni tó mú ni wọ ilé, ẹ ò ní sọ pé ẹ ò mọ bí ọ̀wọ̀ rẹ̀ ṣe ń rí lọ́rùn ẹni.

Àlàájì Sàhéèdì kì í ṣe ènìyàn líle, ṣùgbọ́n wọn kì í fẹ́ kí ọwọ́ pọ̀ nídìí iṣẹ́ tí kì í mú ọjà jáde. Ọmọbìnrin méjì péré ni wọ́n fi ti ìyá wa lẹ́yìn. Iṣẹ́ sítóòfù sì gùn. Páànù á wọlé ní pẹlẹbẹ, wọ́n á gé e, ẹ̀rọ á tẹ̀ ẹ́, wẹ́dà á jó ikùn rẹ̀ níbi tí kẹrosíìnì ń gbé, wọ́n á kùn ún lọ́dà, wọ́n á ki òwú bọ̀ ọ́, wọ́n á dì í sínú páálí. Kò sí bí èèyàn mẹ́ta ṣe lè dúró ti gbogbo rẹ̀. Ìyá wa ní láti yan ibi kan tí àyẹ̀wò yóò wà, kí wọ́n sì fi ìyókù sílẹ̀ fún Ọlọ́run.

Wọn kò kánjú yàn án. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2004, wọ́n ń rìn káàkiri ilé iṣẹ́, wọ́n ń wo ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ àti ohun tí ìbàjẹ́ náà lè fà. Nílé, wọ́n á máa sọ fún bàbá wa pé àyẹ̀wò dà bí omi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, a kì í dà á sí gbogbo ilẹ̀, ìdí ohun tó lè kú là ń dà á sí. Wọ́n ní bí páànù bá burú, ẹ̀rọ á fà á ya, ojú á rí i. Bí òwú bá kúrú, ẹni tó rà á á ki òmíràn bọ̀ ọ́. Bí ọ̀dà bá bó, ìtìjú ni, kò pa ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí ihò tín-ín-rín bá wà lójú ìsopọ̀ ikùn sítóòfù, ọ̀dà á bò ó mọ́lẹ̀, kò sì sẹ́ni tí yóò rí i mọ́ títí yóò fi dé ilé ìdáná ẹni tó rà á. Ìdí wẹ́dà ni àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ wà. Kò tilẹ̀ sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Wọ́n ra pátákó kan, wọ́n fi ọ̀dà funfun fa ìlà méjì sí i, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ètò wọn ni pé láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, àwọn ọmọbìnrin náà yóò mú ikùn sítóòfù mélòó kan, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí i, wọ́n á tì í bọ omi bí àwọn fọkanáísà ṣe ń ṣe túùbù. Èyí tó bá hó, ó ń jò. Wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì sàmì iye tó hó sórí pátákó. Bí àwọn àmì bá ń ṣeré láàárín ìlà méjì, kí wẹ́dà máa bá iṣẹ́ lọ. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè díẹ̀díẹ̀, nǹkan ti ń yà lọ́nà nìyẹn, kí wọ́n wá ìdí rẹ̀ kí ó tó di ọ̀ràn. Ara ògiri nídìí wẹ́dà ni wọ́n fẹ́ kan pátákó yìí mọ́, níbi tí gbogbo èèyàn yóò ti máa rí i.

Nídìí wẹ́dà yẹn, Bàbá Àgbà ló wà níbẹ̀.

Bàbá wa ló kọ́kọ́ fárígá. Àwọn fúnra wọn ló ní kí a kọ ọ́ síbí. Wọ́n ní, "Labí, ọwọ́ tó tọ́ mi dàgbà ni o fẹ́ gbé pátákó kọ́ lójú, kí àwọn ọmọ àná máa kà á láàárọ̀ lálẹ́? Kí ni màá sọ ní Ìsẹ́yìn?" Ìyá wa ní kì í ṣe ọwọ́ ẹnikẹ́ni ni àwọn ń wọ̀n, iṣẹ́ ni. Bàbá wa ní kí wọ́n lọ ṣàlàyé ìyàtọ̀ yẹn fún ẹ̀gbọ́n òun. Ni wọ́n bá lọ lóòótọ́. Wọ́n kúnlẹ̀ nídìí wẹ́dà, wọ́n ṣàlàyé. Bàbá Àgbà kò bínú. Wọ́n bọ́ awò dúdú ojú wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ìwọ náà lo sọ mí ní Ọlọ́wọ́-ire. Ṣé o ti wá fẹ́ máa wọn ọwọ́ náà ni?"

Ojú ti ìyá wa débi pé ilẹ̀ ìbá là kí wọ́n wọlé. Wọ́n ní, "Rárá o, Bàbá. Ẹ má bínú sí mi." Wọ́n dìde, wọ́n gbé pátákó náà, wọ́n sì lọ kàn án mọ́ ìdí ọ̀dà.

Ẹ wá wo ayé bó ṣe rí. Iṣẹ́ àyẹ̀wò náà yọrí ní ìdí ọ̀dà. Sítóòfù tí àwọn oníbàárà ń dá padà nítorí ọ̀dà tó ń bó dín kù kíákíá. Àwọn aláròóbọ̀ ń yin ọjà náà pé ó ń dán. Ní ìparí ọdún 2005, Àlàájì Sàhéèdì pe ìyá wa jáde níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, wọ́n fún wọn ní fìríìjì. Fìríìjì náà ṣì wà ní ilé ìdáná wa ní Mowe. Ẹ má bínú, a kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2006, ọ̀kan nínú àwọn sítóòfù náà gbiná ní Òkè-Aró. Ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé kan tó ń jẹ́ Nùsírátù ló ń se ìrẹsì lórí rẹ̀. Ọkọ rẹ̀, Mùsáfírù, kàfíńtà, ló ra sítóòfù náà pẹ̀lú àwọn ohun èlò tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ilé. Iná mú Nùsírátù lójú, lọ́rùn àti lọ́wọ́ méjèèjì. Oyún tó wà nínú rẹ̀ kò dúró.

Lásìkò yẹn, kẹrosíìnì àdàlú wọ́pọ̀ káàkiri, gbogbo èèyàn ló sì ti gbọ́ nípa ilé tó jó nítorí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà sọ pé kẹrosíìnì burúkú ni Mùsáfírù rà. Kò sẹ́ni tó jiyàn. Mùsáfírù fúnra rẹ̀ gbà, ó ń bú ara rẹ̀. Ìyá wa nìkan ni oorun dá lójú wọn. Wọ́n wọkọ̀ lọ sí Òkè-Aró, wọ́n bẹ Mùsáfírù kó fún àwọn ní sítóòfù tó jó náà, wọ́n gbé e wá sí Ìbàfò, wọ́n sì fi ayùn irin la ikùn rẹ̀. Wọ́n ń sunkún bí wọ́n ṣe ń là á. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ń sunkún, a máa ríran. Níbi tí ó yẹ kí irin ti wọ inú irin, ihò wà níbẹ̀ tí iná wẹ́dà kò dé.

Wọ́n gbé e lọ bá Àlàájì Sàhéèdì, wọ́n sì ní kí wọ́n pe Bàbá Àgbà. Àlàájì gbà á, wọ́n yí i wò síwá sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ìyá Àyànfẹ́, ẹ jẹ́ kí kẹrosíìnì jẹ̀bi ọ̀rọ̀ yìí o. Kẹrosíìnì ò ní ọmọ, kò ní ìyàwó." Ìyá wa ní Nùsírátù ní ọkọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ọmọ. Bàbá Àgbà sún mọ́ wọn. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n gba irin náà, wọn kò sì wò ó. Àtàǹpàkò ni wọ́n fi tọ ojú ìsopọ̀ náà lọ títí ó fi bọ́ sínú ihò. Wọ́n ní, "Ojú mi ni, Àlàájì. Ó ti pẹ́. Ọwọ́ ni mo fi ń ṣiṣẹ́, mi ò fẹ́ kẹ́ni mọ̀." Ìyá wa wólẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n ní àwọn ni àwọn fa gbogbo rẹ̀, pé àwọn mọ ibi tó yẹ kí pátákó wà, ọ̀wọ̀ Bàbá ni kò jẹ́ kí àwọn gbé e wá. Bàbá Àgbà yíjú sí ibi tí ohùn wọn ti ń wá. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, mo bi ọ́ léèrè ni. Mi ò ní kí o má gbé e wá."

Ọ̀rọ̀ yìí ni ìyá wa gbé lọ sí sàréè. Ó dùn wọ́n ju bí ẹni pé wọ́n bú wọn lọ. Nígbà tí a mú Bàbá Àgbà lọ sí ilé ìwòsàn ojú, dókítà sọ pé àìsàn náà kì í dunni, ó kàn ń jí ìríran gbé láti ẹ̀gbẹ́ wá ni. Ó ní ká ní a ti mọ̀ ní ọdún méjì sẹ́yìn, oògùn ìkán-sójú ìbá ti dá a dúró. Ẹ̀yin náà ẹ ṣírò rẹ̀. Bí pátákó bá ti wà nídìí wẹ́dà láti ọdún 2004, àwọn àmì ìbá ti máa gun òkè lójú gbogbo èèyàn, ẹnì kan ìbá ti bèèrè pé kí ló ń ṣe Bàbá. Ọ̀wọ̀ tí a bù fún ojú wọn ló fọ́ ọ.

Àlàájì Sàhéèdì gbà níkẹyìn. Wọ́n dá sítóòfù tó wà nílẹ̀ dúró, wọ́n ti gbogbo rẹ̀ bọ omi, èyí tó sì hó nínú wọn kò kéré. Wọ́n kó ti ọwọ́ àwọn aláròóbọ̀ padà. Ìyá wa fúnra wọn ló yọ pátákó kúrò ní ìdí ọ̀dà tó kàn án mọ́ ìdí wẹ́dà, níbi tó wà di òní. Ẹlòmíràn ló ti ń jó irin níbẹ̀ nígbà náà, nítorí Bàbá Àgbà ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kí ọdún 2007 tó parí, wọn kò rí ìmọ́lẹ̀ mọ́.

Ní ti Nùsírátù, ìyá wa lọ bá a lórí bẹ́ẹ̀dì ní ilé ìwòsàn, wọ́n sì sọ òótọ́ fún un pé kì í ṣe kẹrosíìnì, àti pé ẹni tó yẹ kó yẹ sítóòfù náà wò kò dúró níbi tó yẹ. Ọmọ náà yíjú sí ògiri. Ìyá wa padà lọ lọ́sẹ̀ kejì, Nùsírátù tún kẹ̀yìn sí wọn. Wọ́n ń lọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á fọ aṣọ rẹ̀, wọ́n á jókòó, wọ́n á dìde. Mùsáfírù kì í kí wọn. Ó pẹ́ gan-an kí ọjọ́ kan tó dé tí Nùsírátù wo ojú wọn tó ní, "Mà, ṣé ẹ ti jẹun?" Ìyá wa dé ilé lọ́jọ́ yẹn, wọ́n wọ yàrá, a gbọ́ ẹkún wọn láti pálọ̀.

Ní ti ẹ̀sìn, Kristẹni ni ìyá wa, díákónẹ́ẹ̀sì sì ni wọ́n nínú ìjọ wa ní Mowe láti ọdún 2003. Lẹ́yìn ọ̀ràn yìí wọ́n kọ oyè náà sílẹ̀, pásítọ̀ bẹ̀ wọ́n títí, wọn kò gbà á padà. Iṣẹ́ ìlú tí wọ́n ṣe kò ní fọ́tò. Láti ọdún 2006, ní Sátidé, wọ́n á máa lọ láti ṣọ́ọ̀ṣì dé mọ́ṣáláṣí ní Mowe, Ìbàfò àti Ìfọ̀, títí dé Owódé Ẹ̀gbá, wọ́n á máa kọ́ àwọn obìnrin bí a ṣe ń fi ìfófòó ọṣẹ pa ojú ìsopọ̀ sítóòfù tó ṣófo, kí a fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i, kí a wò ó bóyá yóò hó. Àwọn kan ń pè wọ́n ní Ìyá Ọlọ́ṣẹ. Wọn kì í bínú sí i. Àwa ọmọ la máa ń bínú.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2007, ó sì di ti kíndìnrín. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. A wò ó tagbáratagbára ní Ṣágámù àti Abẹ́òkúta. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ọdún 2009, ìyá wa dákẹ́, ní ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta. Kò tó àsìkò. A kò ní sọ pé ó tó.

Àwọn tí wọ́n fi sáyé lọ ni ọkọ wọn, Ọ̀gbẹ́ni Adépọ̀jù Ògúnlàdé. Màmá Wúràọlá, ìyá tó fi ẹ̀bẹ̀ bí wọn, tí a kò tíì mọ bí a ó ṣe máa wo ojú wọn. Bàbá Àgbà, Pa Akínọlá Ògúnlàdé. Àwọn ọmọ wọn, Àyànfẹ́olúwa, Ọmọ́táyọ̀ àti Jésùlayọ̀mi. Ọmọ tí iná fi fún wa, Nùsírátù, àti Mùsáfírù ọkọ rẹ̀. Àti àwọn ọmọọmọ, tí Àbẹ̀bí kékeré, ọmọ Nùsírátù tó bí ní ọdún tó kọjá, jẹ́ àbíkẹ́yìn wọn. Ẹni tó bá rí obìnrin tí iná pa lójú láàárín àwa ọmọ olóògbé, kó má ṣe bèèrè pé ta ni. Ọmọ olóògbé ni.

Ohun kan kù kí á tó pa ẹnu dé. Mùsáfírù ló kan pósí tí ẹ ó rí lónìí. Ó ní kò sí ẹlòmíràn tí yóò kàn án. Nígbà tó parí rẹ̀, ó wá sí Mowe, ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Àgbà, ó ní kí wọ́n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn àgbà ẹbí fò dìde. Wọ́n ní èèwọ̀ ni, àgbà kì í fọwọ́ kan pósí ọmọ rẹ̀, ibo ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀? Gbogbo wa yíjú sí bàbá wa, ẹni tó kọ́kọ́ lòdì sí i kí pátákó dé ìdí wẹ́dà. Bàbá wa ní, "Ẹ fi ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò."

A fà wọ́n lọ́wọ́ dé ṣọ́ọ̀bù ní Òkè-Aró. Wọ́n fi àtàǹpàkò tọ gbogbo ojú ìsopọ̀ pákó náà lọ láti igun dé igun. Nígbà tí wọ́n dé ìhà ẹsẹ̀, wọ́n dúró. Wọ́n ní, "Mùsáfírù, ibí yìí ṣì ń mí." Mùsáfírù kò jiyàn, kò sì bínú. Ó mú òòlù, ó tún un ṣe. Bàbá Àgbà tún fọwọ́ tọ́ ọ. Wọ́n dorí kodò sórí pósí tó ṣófo náà, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ó ti dí."

Àbẹ̀bí ọmọ Ògúnkànmí, ẹni tí a bẹ̀ kí a tó rí, a ò lè bẹ̀ yín kí ẹ dúró mọ́. Ẹ máa rọra lọ. Ilé yín kò ní jò. Ẹ sùn, Màmá, ẹ sùn re.